Àwọn Ará Inú Ìkòkò Aró

Odò kékeré kan wà ní ìlú Ìdóẹ̀lú tí omi rẹ̀ kì í mọ́ tọ̀sán tòru, nítorí aṣọ aró tí àwọn obìnrin ìlú ń ṣàn nínú rẹ̀. Létí odò yìí ni ilé Èjídé wà. Aláró ni Èjídé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì dúdú láti orí èékánná títí dé ìgúnpá, dúdú tí ọṣẹ ti fọ̀ tì. Ìkòkò aró mẹ́ta ló tò sábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé. Àwọn ìkòkò náà dàgbà ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti jogún wọn.

Láràárọ̀, kí Èjídé tó bọ́jú, yóò ṣí ọmọrí ìkòkò kọ̀ọ̀kan, yóò tẹ etí sí ẹnu rẹ̀, yóò sì kí i pé, "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará inú ìkòkò. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Aró náà a sì máa dá a lóhùn lọ́nà tirẹ̀. Yóò máa hó wúyẹ́wúyẹ́ nísàlẹ̀, ìfófòó aláwọ̀ idẹ yóò máa rìn lọ rìn bọ̀ lójú omi, àfi bí ẹni pé àwọn èèyàn kéékèèké kan ń jíròrò níbẹ̀ tí wọn kò fẹ́ kí ará òkè gbọ́. Bí Èjídé bá ti gbọ́ ohùn yìí, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ara wọ́n le," ni yóò wí, yóò sì lọ wá omi ìbọ́jú rẹ̀.

Àwẹ̀ró, ìyàwó ọmọ rẹ̀, kò lè ṣe kó má fi ìborùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ìyá ọkọ rẹ̀. Àmọ́ ilé amọ̀kòkò ni wọ́n ti bí Àwẹ̀ró ní tirẹ̀, wọ́n sì ti kọ́ ọ láti kékeré pé ìkòkò kì í sọ̀rọ̀, kì í gbọ́ ìkíni, àti pé ìkòkò tí ìdí rẹ̀ bá dọ̀tí, àbùkù ẹni tó ń lò ó ni. Obìnrin tó mọ́ ni. Ó máa ń gbálẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa ń bẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n pín fún un nínú ilé náà ni kó di aṣọ, kó rẹ ẹ́, kó ṣàn án, kó sá a. Èjídé nìkan ló ń pa aró, òun ló ń po omi rẹ̀ pọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá a fọwọ́ kan ìdí ìkòkò, ìyá àgbà náà kò sì sọ ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun kan ṣoṣo wà tí Àwẹ̀ró kò tíì wò sú láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Bí a bá fa aṣọ jáde nínú aró, dúdú kọ́ ló máa ń jẹ́. Àwọ̀ ewé tútù ni. Bí a bá wá gbé e sókè sí afẹ́fẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú ẹni, díẹ̀díẹ̀, láti etí dé àárín, títí yóò fi di aró gidi. Lọ́jọ́ kan tí àwọn méjèèjì jọ di aṣọ bẹ́ẹ̀ mú ní igun mẹ́rin, Èjídé ní, "Àwẹ̀ró, o rí i? Ojú rẹ náà ló rí ewé, òun náà ló tún rí aró, aṣọ kan náà sì ni. Má tètè máa gba ojú gbọ́, ọmọ mi." Àwẹ̀ró dáhùn pé òun gbọ́. Ọ̀rọ̀ àgbà bẹ́ẹ̀, a máa ń dáhùn pé a gbọ́.

Oorun ọ̀sán ni Èjídé sùn lọ́jọ́ kan tí kò jí mọ́. Wọ́n sunkún, wọ́n ṣe òkú rẹ̀, àwọn ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bọ́ sọ́wọ́ Àwẹ̀ró. Fún ọdún méjì ló ń bu omi eérú àti ewé ẹ̀lú tuntun lé aró tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lórí, iṣẹ́ sì ń lọ. Kò kí ìkòkò kankan láàárọ̀. Ta ni yóò kí i fún?

Nígbà tó ṣe, ọkọ dé fún Ọmọ́yẹni, àkọ́bí Àwẹ̀ró. Ní Ìdóẹ̀lú nígbà náà, ọmọbìnrin tó bá ti ilé aláró jáde kò gbọdọ̀ wọ ilé ọkọ láìsí aṣọ mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ nínú ìkòkò ilé wọn. Bí aṣọ náà kò bá sí, àwọn ìyálé ilé ọkọ yóò máa fi ìyàwó kọrin títí yóò fi bímọ. Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó sí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Inú Àwẹ̀ró dùn, ó ru sókè, ó wo àwọn ìkòkò rẹ̀ tó ti dúdú bí ìdí àrò, ó wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ti dì mọ́ ìsàlẹ̀ wọn láti ayé ìyá Èjídé, ó ní láéláé, aṣọ ọmọ òun kò ní jáde láti inú ìdọ̀tí báyìí.

Ó da gbogbo aró náà sódò. Ó kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó fi iyanrìn ha ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n, ó tún wọn fọ̀, ó wá dorí wọn kodò sínú oòrùn. Wọ́n pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìgbà tí amọ̀kòkò ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wọ́n nínú iná. Àwẹ̀ró fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wò wọ́n, ó sì fẹ́ràn ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ló wà tí Àsùnkẹ́ fi ń kọjá. Opó ni Àsùnkẹ́, ó dàgbà díẹ̀ ju Èjídé lọ, ọ̀rẹ́ Èjídé sì ni nígbà ayé rẹ̀. Òdìkejì ọ̀nà ló ń gbé, ẹ̀fọ́ ló ń gbìn lẹ́bàá odò, òun náà ló ń tà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́. Agbọ̀n tẹ̀tẹ̀ wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó dúró gbọn-in.

"Háà! Àwẹ̀ró, ìkòkò yìí mà mọ́ o! Láti ọjọ́ tí mo ti ń rí wọn, n kò rí i kí wọ́n mọ́ báyìí rí."

Orí Àwẹ̀ró wú. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí bí ẹnìkan bá yin ohun ẹni jù, ẹ̀rù ojú burúkú a máa bani. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá," ó fa aṣọ bo àwọn ìkòkò náà kíá, ó sì kẹ̀yìn sí ọ̀nà. Ìyá àgbà náà la ẹnu bí ẹni tó tún fẹ́ sọ nǹkan, ó pa á dé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àwẹ̀ró pa aró tuntun. Ó sun eérú tó mọ́, ó sẹ́ ẹ nínú ajere, omi rẹ̀ pọ́n bí oyin. Ó gún ẹ̀lú tó tutù, ó rì í, ó dé e, ó ń retí. Ọjọ́ kẹta, kò gbọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ karùn-ún, ojú omi dákẹ́ rọ́rọ́. Ọjọ́ keje, ó ti aṣọ bọ̀ ọ́, ó fà á jáde. Kò rí àwọ̀ ewé, kò rí aró, omi ìdọ̀tí lásán ló ń kán. Nígbà tó ṣàn án lódò, gbogbo rẹ̀ wọ́ tẹ̀ lé omi lọ, aṣọ sì funfun padà sí i lọ́wọ́ bí ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dà wọ́n nù, ó tún wọn pa. Kó lè dá a lójú, ó tún àwọn ìkòkò fọ̀, ó fọ̀ wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọjọ́ kẹrìnlá pé. Aró kò jí. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ló kù kí Ọmọ́yẹni relé ọkọ.

Ìyá Ìdòwú ló wá bá a níbi tó ti ń sunkún lábẹ́ àtíbàbà. Aládùúgbò ni, kò sì sí ọ̀ràn tí kì í mọ ìdí rẹ̀. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ronú dáadáa. Ta ló yà síbí lọ́jọ́ tí o fọ ìkòkò?"

"Kò sẹ́nì kankan. Àfi Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ń kọjá."

"Ó sọ̀rọ̀?"

"Ó ní ìkòkò mi mà mọ́."

Ìyá Ìdòwú pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o rí i! Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí Àwẹ̀ró nínú, ó jókòó síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìfura ṣe rí, bí aró náà ló rí: ohun tó bá ti bọ́ sínú rẹ̀, dúdú ni yóò jáde. Àwẹ̀ró wá rántí pé ojú Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ máa ń pọ́n. Èéfín igi ìdáná ló ń pọ́n ọn lójú láti ogún ọdún, ṣùgbọ́n èéfín kò sí nínú ìrántí Àwẹ̀ró mọ́. Ó rántí pé ìyá náà la ẹnu lọ́jọ́ náà tó sì pa á dé. Ó di ọfọ̀ ló ń pè. Adìyẹ Àwẹ̀ró kan fi ẹyin sílẹ̀ láìpa. Ọwọ́ ìyá náà ni. Orí fọ́ Ọmọ́yẹni lẹ́yìn tó jókòó sóòrùn látàárọ̀. Ọwọ́ ìyá náà ni. Ọyẹ́ ti dé nígbà náà, ìkùukùu funfun bo gbogbo ìlú, igi àti ilé ń léfòó nínú rẹ̀, èèyàn kò sì lè mọ ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè àfi tó bá sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìkòkò rẹ̀. Ó rí odò tó dìde dúró. Ó rí àwọn èèyàn kéékèèké, wọn kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ, tí wọ́n to ara wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lórí omi, tí wọ́n di ẹrù sórí, tí wọ́n ń sunkún lọ. Obìnrin kan dúró létí odò, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá wọn sínú omi. Àwẹ̀ró sáré kó lè rí ojú obìnrin náà, àmọ́ kó tó débẹ̀ ó jí.

"Òun ni," ló wí fún Ìyá Ìdòwú. "Mo rí i lójú àlá."

"O rí ojú rẹ̀?"

"Kí ni mo tún ń wojú rẹ̀ fún? Òun ni."

Ọ̀rọ̀ kò ní ẹsẹ̀, ó sì dé gbogbo ilé. Kò sẹ́ni tó ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ Àsùnkẹ́ mọ́. Àwọn ìyá fa ọmọ wọn mọ́ra bó bá ń kọjá. Ó ń gbé agbọ̀n lọ, ó ń gbé agbọ̀n bọ̀, tẹ̀tẹ̀ inú rẹ̀ ń rọ. Ìlú tó ti sin ọkọ rẹ̀ sí kò fẹ́ ẹ mọ́, kò sì ní ibòmíràn tó lè lọ. Ní òwúrọ̀ ogúnjọ́, Baálé ránṣẹ́ pè é. Àwọn ará ìlú ti ní kí Baálé sọ fún un pé, bí kò bá lè wẹ ara rẹ̀ mọ́, kó jáde nílùú kí ọjà tó ń bọ̀ tó ná.

Ẹsẹ̀ pé sí ojúde Baálé, Àwẹ̀ró àti Ìyá Ìdòwú náà wà níbẹ̀. Àsùnkẹ́ dé pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀fọ́ rẹ̀, nítorí kò tíì pinnu pé òun kò ní dé ọjà lọ́jọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ kí Baálé, ó jókòó sílẹ̀, ó gbé agbọ̀n síwájú. Wọ́n ro ẹjọ́ náà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀: ìyìn, aró, adìyẹ, orí fífọ́, àlá. Nígbà tí wọ́n rò ó tán, Baálé ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìyá, ẹ sọ tẹnu yín."

Àsùnkẹ́ mú ewé tẹ̀tẹ̀ kan nínú agbọ̀n, ihò ti pọ̀ lára rẹ̀ bí ajere. Ó nà án sí Baálé.

"Baálé, ta ló jẹ ẹ̀fọ́ mi?"

Baálé yí i wò. "Ó jọ tata."

"Ìgbín ni," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn.

"Ewúrẹ́ ilé Ìyá Ìdòwú ni," ni ẹlòmíràn wí, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín, nítorí ewúrẹ́ náà kò sí oko tí kò jẹ rí. Ìyá Ìdòwú ní kí wọ́n má fa ewúrẹ́ òun wọ̀ ọ́, orí ìso ló wà láti àná.

"Gbogbo yín ń wo ọ̀nà," ni Àsùnkẹ́ wí. "Baálé, ẹ yí ẹ̀yìn ewé yẹn padà. Ẹ rọra."

Baálé yí i padà. Kò rí nǹkan kan. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ìgbà náà ló rí kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó nà gbalaja lórí iṣan ewé, àwọ̀ ewé náà gan-an ló ní, ó sì ń jẹun lọ ní tirẹ̀ láìfi ẹjọ́ ṣe. Baálé fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ sílẹ̀.

"Ọwọ́ yín ló wà láti ìgbà tí ẹ ti ń dárúkọ tata," ni Àsùnkẹ́ wí. Ó wá yíjú sí Àwẹ̀ró. "Àwẹ̀ró, kí lo fi fọ ìkòkò Èjídé?"

"Iyanrìn. Iyanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́."

"Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo dà á sódò, ìyá. Ó ti dọ̀tí."

Àsùnkẹ́ di ojú. "Ó dọ̀tí," ló wí. "Èjídé a kí wọn láràárọ̀ bí ẹni ń kí àna. O rò pé ìkòkò ló ń kí? Ohun kan ń gbé nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn, ohun tó kéré tí ojú kò ká. Èjídé kò rí i rí, èmi náà kò rí i rí. Ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ọ. Òun ló ń jẹ ẹ̀lú, òun ló ń jí aró. Bí a bá pa aró tuntun, a ó fi díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí àwọn ará ilé má baà tán. Kò sẹ́ni tó ba aró rẹ jẹ́, ọmọ mi. Ìwọ lo gbá wọn lọ."

Àlá ọ̀sán ọjọ́sí padà wá bá Àwẹ̀ró ní ìdúró, odò tó dìde, àwọn èèyàn kéékèèké àti ẹrù wọn. Obìnrin tó di ìgbálẹ̀ mú yíjú sí i wàyí. Ojú ara rẹ̀ ló rí.

"Ìyá," ni ohùn rẹ̀ jáde tìntìn, "kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi lọ́jọ́ náà?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́. O ti fi aṣọ bò wọ́n, o ti kẹ̀yìn sí mi. Mo wá sọ lọ́kàn mi pé, ọmọ tí Èjídé tọ́, yóò ti bu díẹ̀ pamọ́."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ má rò pé ìyá àgbà náà fà á dìde lójú ẹsẹ̀. Inú bí i. "Dúró síbẹ̀ ná," ló wí. "Ọjọ́ mélòó ni ẹ̀fọ́ mi fi ń rọ? Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n, ìyá rẹ̀ ń gbé e sá fún mi lójú ọ̀nà. O sọ mí di àjẹ́ nínú ìlú tí ọkọ mi sùn sí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀ tó ń pọ́n. Kò sí ẹni tó lè wò ó lójú lára àwọn tó wà níbẹ̀. Baálé fúnra rẹ̀ ń wo ewé tẹ̀tẹ̀ ọwọ́ rẹ̀.

Àsùnkẹ́ wá dìde. "Ọjọ́ mélòó ló kù fún Ọmọ́yẹni?"

"Mẹ́jọ, ìyá."

"Lọ mú igbá wá."

Lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé Àsùnkẹ́ ni ìkòkò kékeré kan wà, ọmọrí rẹ̀ ti dúdú. Ọdún tí ọkọ rẹ̀ kú ni Èjídé bu igbá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kan fún un, kó lè fi rẹ aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀. Ọ̀fọ̀ ti tán tipẹ́, ṣùgbọ́n Àsùnkẹ́ kò jẹ́ kí ìkòkò náà kú. Ó ń fún un ní ẹ̀lú díẹ̀ àti omi eérú díẹ̀. Obìnrin tó ń dá gbé ni, ó sì dùn mọ́ ọn láti ní àwọn tí yóò kí láàárọ̀. Ó ṣí ọmọrí. Ìfófòó aláwọ̀ idẹ ń rìn lójú omi. Ó bu ìdajì fún Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró pín in sí ìkòkò mẹ́ta. Ọjọ́ kìn-ín-ní, kò gbọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ kejì, kò gbọ́ nǹkan kan, kò sì lè jẹun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, nínú ọyẹ́ tí kò jẹ́ kí ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ dáadáa, ó tẹ etí sí ẹnu ìkòkò, ó mí sínú, ó sì sọ ohun tí ó ti ń fi ṣẹ̀rín láti ọjọ́ pípẹ́: "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará inú ìkòkò." Ó dúró. Nísàlẹ̀ réré, bí ìgbà tí èèyàn púpọ̀ bá ń jí lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ilé kan náà, ó gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ nínú eérú, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Aṣọ mẹ́ta tí Ọmọ́yẹni wọ lọ sílé ọkọ dúdú títí ó fi ń dán. Àsùnkẹ́ ló sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, òun ló sì gbé ìkòkò kékeré kan lé e lọ́wọ́ pé kó má fọ̀ ọ́. Ní ti Àwẹ̀ró, ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ nìkan ló ń ra ẹ̀fọ́ títí ìyá náà fi kú, àtèyí tó máa jẹ àtèyí tí kò ní jẹ. Lóde òní, wọ́n ti ní dígí tí wọ́n fi ń wo àwọn ará inú ìkòkò, wọ́n ń pè wọ́n ní kòkòrò àìfojúrí, wọ́n sì ní wọ́n wà nínú ẹ̀kọ wa, nínú irú wa, àní nínú ikùn wa pẹ̀lú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Dígí tí a óò fi wo ìfura inú ọkàn ni n kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni rí rọ.

Nígbà tí Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ di ìyá àgbà, bí ẹnikẹ́ni bá sáré wọlé tọ̀ ọ́ wá pé ọ̀tá kan níta ló ń ṣe òun, kì í jiyàn. Yóò mú ewé tẹ̀tẹ̀ oníhò kan, yóò nà án sí ẹni náà, yóò ní kó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kó rọra. Látọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń pa á lówe fún wa títí di òní olónìí pé, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.